A Yin Ọkọ́, A Gbàgbé Ilẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo ní í sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Àwọn akéwì àti òǹkọ̀wé wa ti yin àgbẹ̀ títí. Wọ́n ti yin ọkọ́, wọ́n ti yin àdá, wọ́n sì ti yin òógùn ojú. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ni wọ́n bá wa sọ nípa ilẹ̀ tí ọkọ́ ń ro. Nítorí náà, nígbà tí oúnjẹ bá wọ́n lọ́jà, àgbẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń nà ní pàṣán ọ̀rọ̀. A ó ní ó ti di ọ̀lẹ. A ó ní àwọn ọmọ rẹ̀ ti sá lọ sí Èkó. Kò sí ẹni tí í bi ilẹ̀ léèrè pé, "Ǹjẹ́ ara rẹ le bí?" Mo gbà pé ẹjọ́ yìí kò tọ́, mo sì gbà pé ohun tí a kà ní ọmọdé wà lára ohun tí ó kọ́ wa bí a ti ń dá a.

Bóyá ẹnìkan yóò wí pé kí ni ó kan akẹ́kọ̀ọ́ èdè nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀, pé kí n fi í sílẹ̀ fún àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn. Èsì mi ni pé èdè ni a fi ń dá ẹjọ́. Ẹni tí kò mọ orúkọ àrùn, aláìsàn ni yóò máa bá wí pé ó ń ṣe ìmẹ́lẹ́. Bí orúkọ àrùn ilẹ̀ bá ti kúrò lẹ́nu wa, àgbẹ̀ ni yóò máa jẹ gbèsè rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ta ni nínú wa tí kò kọ orin tí a fi ń yin iṣẹ́ àgbẹ̀, tí a sì fi ń dẹ́rù ba ọ̀lẹ? Lẹ́yìn èyí ni ewì inú Aláwìíyé, ìwé J. F. Ọdúnjọ, tí ó fi iṣẹ́ ṣe oògùn ìṣẹ́. Ewì náà dára. Ó rọrùn láti há sórí, ó sì ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀ bí bàbá ti í bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní ìdájí. Èmi kò jẹ́ bu ẹnu àtẹ́ lu ọnà tí ó wà nínú rẹ̀. Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni àlàfo tí ó wà láàárín irú ewì bẹ́ẹ̀ àti oko gidi. Apá wà nínú wọn, ìgbìyànjú wà nínú wọn, ebi àti ìtìjú tí ń dúró de ọ̀lẹ wà nínú wọn. Ilẹ̀ nìkan ni kò sí níbẹ̀. Ọmọ tí ó bá há wọn sórí yóò dàgbà pẹ̀lú èrò pé bí òógùn bá ti kán sílẹ̀, iṣu ni yóò hù.

Kì í ṣe pé Ọdúnjọ kò mọ ohun tí ilẹ̀ jẹ́. Ní àwọn ọdún 1950, ó ṣe mínísítà fún ọ̀ràn ilẹ̀ nínú ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ewì a máa bá ìgbà rẹ̀ mu. Ní ìgbà tí irú ewì bẹ́ẹ̀ gbilẹ̀, igbó ṣì pọ̀. Bí àgbẹ̀ bá ro oko kan fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí ó rí i pé iṣu kò ta dáadáa mọ́, a ṣí lọ síbòmíràn, a sì fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀ fún igbó. Ewé yóò máa já sílẹ̀, yóò máa jẹrà, títí ilẹ̀ yóò fi padà bọ̀ sípò lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Akéwì ìgbà náà lè fi ilẹ̀ sílẹ̀ láìdárúkọ, bí a kì í ti í dárúkọ afẹ́fẹ́ tí a ń mí. Àwa tí a wà lóde òní ni kò ní àwáwí.

Òwe wa náà kò mọ́ nínú ẹ̀sùn yìí. A ní ohun tí a bá gbìn ni a ó ká. Òtítọ́ ni ní ti ìwà ọmọ ènìyàn, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí ó gbin àgbàdo sórí yangí mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ohun tí a gbìn ni a ń ká. A tún ní oko kì í jẹ́ ti bàbá tọmọ kí ó má ní ààlà. Ẹ wo òwe yìí dáadáa. Ó mọ bí ilẹ̀ ti fẹ̀ tó, ó sì mọ ibi tí ti ẹnìkan parí sí kí ti ẹlòmíràn tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò bi wá bí ilẹ̀ náà ti jìn tó. Ààlà ni a fi ń ja ìjà ilẹ̀ láti ayébáyé. A gbin pèrègún sí i, a sì ń pe ara wa ní ẹjọ́ nítorí rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀ kò ní pèrègún.

Síbẹ̀, bí a bá wo inú èdè fúnra rẹ̀, a ó rí i pé ojú àwọn baba wa kò fọ́ sí ọ̀rọ̀ yìí. Mo fẹ́ mú ọ̀rọ̀ mẹ́rin jáde.

Èkíní ni ilẹ̀ ọlọ́ràá. Ọ̀rá ni a ń rí lára ẹran tí ó jẹun yó. Ẹni tí ó bá pe ilẹ̀ ní ọlọ́ràá ti mọ̀ pé ilẹ̀ a máa sanra, pé ó sì lè rù.

Èkejì ni kí a sọ pé ilẹ̀ ti ṣá. Aṣọ aró ni í ṣá nígbà tí oòrùn àti ọṣẹ bá ti gba àwọ̀ rẹ̀. Ilẹ̀ tí ó ṣá kò kúrò níbi tí ó wà, a sì lè dúró lórí rẹ̀. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó ti lọ. Nínú èyí ni mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ aṣálẹ̀. Lónìí a fi ń pe ilẹ̀ gbígbẹ Sàhárà, bí ẹni pé Ọlọ́run kàn dá a bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ń sọ pé ilẹ̀ kan ni ó ṣá.

Ẹ̀kẹta ni oríkì tí a fi ń ki Ilẹ̀, Ọ̀gẹ́rẹ́ Afọkọ́yẹrí. Ọkọ́ ni ìyarun rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń ya irun kì í wọ inú agbárí. Irun ni ó mọ, ara yóò sì tu ẹni tí a ń ya irun rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni dalẹ̀. Lẹ́nu wa lónìí, ọ̀dàlẹ̀ ni ẹni tí ó tú àṣírí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tàbí tí ó fi ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lójú ìjà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ilẹ̀ ni àwọn àgbà mu kí wọ́n tó di imùlẹ̀. Òun ni ẹlẹ́rìí, òun ni ó sì ń gba ẹ̀san. Ẹni tí ó bá dalẹ̀, a bá ilẹ̀ lọ. A ti fi òwe yìí bá ọ̀rẹ́ ẹni wí títí tí a fi gbàgbé pé ilẹ̀ gan-an ni ẹni tí a kọ́kọ́ dà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí lọ sí ibi kan tí a lè fi ẹsẹ̀ tẹ̀: Ìtagunmodì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Atákúnmọ́sà, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ní 1962, A. J. Smyth àti R. F. Montgomery kọ ìwé kan, tí a tẹ̀ jáde ní Ìbàdàn, nípa ilẹ̀ àárín gbùngbùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà àti ohun tí a ń fi í ṣe. Wọ́n pín ilẹ̀ sí ẹ̀yà, wọ́n sì fi orúkọ ìlú sọ wọ́n: Ìwó, Ẹ̀gbẹ́dá, Òndó, Àpòmù, àti Ìtagunmodì. Ilẹ̀ tí ń jẹ́ Ìtagunmodì pupa bí osùn, amọ̀ rẹ̀ pọ̀, ó sì jìn. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ a máa di omi mú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, èyí tí kòkó ń fẹ́. Nítorí náà ni a fi kà á mọ́ àwọn ilẹ̀ tí ó dára fún kòkó. Kòkó ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni a ń kó lọ sí Òṣogbo, níbi tí ojú irin dé ní 1907, kí ó tó kọjá sí Èkó. Owó kòkó ni a fi kan páànù sí orí ọ̀pọ̀ ilé ní Iléṣà, òun náà ni a sì fi rán ọ̀pọ̀ ọmọ lọ sí ilé-ìwé títí dé yunifásítì.

Ṣùgbọ́n òkúta dúdú tí ó jẹrà di ilẹ̀ pupa yìí wà nínú ìdílé òkúta tí wúrà ń bá gbé. Bí ẹni pé ìyá kan náà ni ó bí ọ̀rá ilẹ̀ àti wúrà. Ìtagunmodì, tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ kòkó, ni àwọn ènìyàn mọ̀ lónìí sí ìlú kòtò wúrà. Ní 2021 ni ilé-iṣẹ́ Segilola bẹ̀rẹ̀ sí yọ wúrà nítòsí Ìperindó pẹ̀lú ìwé àṣẹ ìjọba. Ti wọn kọ́ ni mo ń sọ. Àwọn tí kò gba ìwé àṣẹ kankan ni mo ń bá wí, àwọn tí ń fi ṣọ́bìrì, ẹ̀rọ tí ń fa omi, àti nígbà mìíràn katakata, gbẹ́ oko olóko.

Ẹ wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀. Apá ilẹ̀ tí ó ní ọ̀rá kò nípọn. Ní ọ̀pọ̀ oko wa, kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 sí 30 lọ láti òkè. Inú rẹ̀ ni ewé jíjẹrà wà, inú rẹ̀ ni ekòló ń gbé, inú rẹ̀ sì ni gbòǹgbò ti ń jẹun. Wúrà kò sí níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni ó wà, láàárín òkúta wẹẹrẹ. Awakùsà a kó ọ̀rá ilẹ̀ dànù kí ó tó dé ibẹ̀, a kó òkúta wẹẹrẹ jáde, a fọ̀ ọ́ nínú odò, àwọn mìíràn a sì fi mákúrì kó wúrà náà jọ. Nígbà tí ó bá fi máa lọ, ìsàlẹ̀ ti di òkè, òkè ti di ìsàlẹ̀. Òjò yóò gbá òkìtì náà lọ sínú odò, kòtò yóò sì gba omi dúró fún ẹ̀fọn. Àjọ FAO sọ pé ó lè gba tó ẹgbẹ̀rún ọdún kí sẹ̀ǹtímítà méjì sí mẹ́ta ilẹ̀ tó dá. Iṣẹ́ ọjọ́ díẹ̀ ni láti fi ṣọ́bìrì bà á jẹ́. Ọkọ́ ya irun Ilẹ̀. Èyí bẹ́ ẹ lórí.

Àkùrọ̀ ni ó kọ́kọ́ ń lọ, nítorí etí odò ni omi ti ń kó wúrà wẹẹrẹ jọ sí. Àkùrọ̀ yìí kan náà ni a fi ń rí ẹ̀fọ́ àti àgbàdo tútù jẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà ìsinmi tí ó kọjá, mo lọ sí Ọjà Ọba ní Òṣogbo, mo kí ìyá kan tí ń ta ẹ̀fọ́ níbẹ̀. Mo ní, "Ẹ kú ọjà o, Mà. Níbo ni ẹ ti ń ra ẹ̀fọ́ yín?" Ó dárúkọ abúlé kan lójú ọ̀nà Iléṣà. Ó ní, "Ibẹ̀ ni mo ti ń rà á tẹ́lẹ̀, ọmọ mi. Àkùrọ̀ ibẹ̀ ti di ihò. Ihò kò ṣeé gbin tẹ̀tẹ̀ sí." Mo tún bi í bóyá àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ni kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá. Ó ní, "Wọ́n ń ṣiṣẹ́. Kí ni wọn yóò ṣe iṣẹ́ náà lé lórí?"

Mo ti yẹ ọ̀rọ̀ ìyá yìí wò léraléra bí ẹni tí ń yẹ ewì wò. Kò sí ọ̀rọ̀ ńlá nínú rẹ̀, kò sì sí ẹ̀kọ́ ìwà nínú rẹ̀. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni pé ilẹ̀ ni ó fi ṣe olórí gbólóhùn: àkùrọ̀ di ihò. Lẹ́yìn èyí ni ó tó kan àgbẹ̀. Ìbéèrè tí ó fi parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ni ìbéèrè tí orin ilé-ìwé wa kò bi wá rí. Mo ka èyí sí ọ̀rọ̀ oko tí ó pé ju ọ̀pọ̀ ewì tí mo há sórí lọ.

Ó yẹ kí Òṣogbo tètè gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí ju ìlú mìíràn lọ. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa ìlú náà ni pé Lárọ́òyè àti Tìmẹ́yìn ọdẹ kúrò ní Ìpólé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà nítorí ọ̀dá omi, kí wọ́n tó dé etí odò Ọ̀ṣun. A máa ń sọ ìtàn yìí bí ìtàn ọba àti òrìṣà, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí. Ṣùgbọ́n ìtàn àwọn tí ilẹ̀ wọn kò lè bọ́ wọn mọ́ ni pẹ̀lú. Igbó Ọ̀ṣun ni UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo àgbáyé ní 2005. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, ẹrẹ̀ kòtò wúrà láti òkè odò ti sọ omi tí ń gba inú igbó náà kọjá di aláwọ̀ erùpẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn tí ó wá ṣe ọdún Ọ̀ṣun pé kí wọ́n má ṣe mu omi náà. Erùpẹ̀ tí ó sọnù ní oko Ìjẹ̀ṣà ni ó ń kọjá lójú àwọn ará Òṣogbo yẹn.

Òfin wa pẹ̀lú jọ òwe ààlà tí mo mẹ́nu bà. Òfin ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Òfin ìwakùsà ti 2007 fi gbogbo ohun àlùmọ́ọ́nì tí ó wà nísàlẹ̀ sí ìkáwọ́ ìjọba àpapọ̀. Bí a bá fẹ́ san owó gbà-má-bínú fún àgbẹ̀, irè oko ni a ń kà, igi kòkó ni a ń kà, ilé ni a ń kà. A kì í ka ọ̀rá ilẹ̀ tí ó bọ́ igi náà. Òótọ́ ni pé òfin 2007 pa á láṣẹ kí ẹni tí ó bá wa ilẹ̀ tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò yà sí ọ́fíìsì gba ìwé àṣẹ, ta ni yóò pè é padà wá dí kòtò?

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé awakùsà nìkan ni ọ̀dàlẹ̀. Àgbẹ̀ mìíràn ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba owó lọ́wọ́ wọn, nítorí pé kòkó rẹ̀ ti gbó, owó ilé-ìwé ọmọ sì ti tó san. Níbi tí kò sí wúrà rárá pàápàá, ilẹ̀ ń ṣá. Ènìyàn ti pọ̀ sí i, ilé ń jẹ oko, àyè kò sì sí mọ́ kí ilẹ̀ sinmi fún ọdún púpọ̀. Ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ni a ń gbìn sí ojú kan náà lọ́dọọdún, a sì ń dáná sun igbẹ́ tí ìbá jẹrà di oúnjẹ ilẹ̀. Oògùn tí a ń fín sí kòkó nítorí àrùn ní bàbà nínú, bàbà yìí a sì máa ṣẹ́kù sínú ilẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Ọ̀ràn náà kò mọ sí ọ̀dọ̀ wa. Ní 2015, tí a fi ṣe ọdún ilẹ̀ káàkiri àgbáyé, àjọ FAO sọ pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ilẹ̀ ayé ni ó ti bàjẹ́ dé ìwọ̀n tí kò kéré.

Bí ẹnìkan bá ní wúrà ń fún àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́, mo gbà á lẹ́nu rẹ̀. Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń wa wúrà kúrò lójú kan. Ẹni tí ó bá gba owó rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn yìí yóò tún padà wá sí Ọjà Ọba ra iṣu tí ọkọ̀ kó wá láti Òkè Ọya, yóò sì san owó epo ọkọ̀ mọ́ ọn. Bí a bá tilẹ̀ máa wà á, ó ṣeé ṣe kí a kọ́kọ́ kó ọ̀rá ilẹ̀ sọ́tọ̀, kí a dí kòtò, kí a sì dá ọ̀rá náà padà sókè. Ilẹ̀ tí ó ṣá náà ṣeé tọ́jú. Àjọ IITA, tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, ti ṣe ìdánwò gbígbin àgúnmánìyẹ̀ ní ìlà-ìlà láàárín oko, kí a máa gé ewé rẹ̀ sí ìdí irúgbìn. Ó ń ran ilẹ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ gígé rẹ̀ pọ̀, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kò sì tẹ̀ lé e. Ìgbẹ́ adìẹ àti ewé jíjẹrà kò ṣòro tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó kù ni pé kí àwọn tí ń bá àgbẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ ọ̀rọ̀ tí àgbẹ̀ fi ń pe ilẹ̀ rẹ̀.

Níbí ni ó ti kan àwa tí ń kọ̀wé. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ó jáde ní 1938, D. O. Fágúnwà fún igbó ní ìwà àti ohùn, débi pé ọmọdé tí ó bá kà á kò ní wo igbó bí igi lásán mọ́. Irú ohun tí ó ṣe fún igbó yìí ni mo ń wá fún ilẹ̀ oko. Èkíní, kí a jáwọ́ nínú sísọ àgbẹ̀ di àkàwé fún ọ̀lẹ àti aláápọn nìkan. Bí akéwì bá mú wa lọ sí oko, kí ó jẹ́ kí a mọ̀ bóyá orí ilẹ̀dú ni a wà tàbí orí yangí. Èkejì, kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tí wọ́n jẹ́ Ìjẹ̀ṣà lọ jókòó ti àwọn àgbà oko nígbà ìsinmi, kí wọ́n gba orúkọ tí wọ́n ń pe oríṣiríṣi ilẹ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀ka-èdè wọn, kí ó tó di pé ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kò sí mọ́. Ìwé ìròyìn wa yìí lè tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ̀kẹta, kí a dá ọ̀rọ̀ dalẹ̀ padà fún ẹni tí ó ni ín.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá tún gbọ́ tí a ń pe àgbẹ̀ ní ọ̀lẹ nítorí pé ẹ̀fọ́ wọ́n, ẹ kọ́kọ́ bèèrè irú ilẹ̀ tí ó ń ro. Bí wọ́n bá ní ó ti ṣá, ẹ bèèrè ẹni tí ó ṣá a. Èyí ni ìbéèrè tí mo fẹ́ rí nínú ewì oko tí ẹ óò kọ lẹ́yìn èyí.